Ẹ má tíì ra jẹnẹrétọ̀: ohun tó yẹ kí ilé kọ́kọ́ ní kí iná tó lọ nígbà òtútù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èmi, ọkọ mi, ọmọ wa tó jẹ́ ọmọ oṣù 8 àti ìyá ọkọ mi tó ti pé ẹni ọdún 76 la jọ ń gbé. Gáàsì ni ẹ̀rọ tó ń mú ilé wa móoru ń lò. Nígbà òtútù tó kọjá, yìnyín já wáyà iná ládùúgbò wa, a ò sì rí iná fún wákàtí 19. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹ̀rọ náà kú, bẹ́ẹ̀ gáàsì ò tán. Ọkọ mi ti ní òun máa ra jẹnẹrétọ̀ ńlá kí òtútù míì tó dé. Màmá ń gún abẹ́rẹ́ insulin tí wọ́n fi ń tọ́jú àtọ̀gbẹ, ìyẹn náà sì ń já mi láyà. Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu o, ẹ sì kú ìfaradà. Wákàtí 19 nínú ilé tí kò sí ooru, pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ àti àgbàlagbà, kì í ṣe nǹkan kékeré. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ ẹ̀rọ amúlémóoru, ó sì dùn mọ́ mi pé ìsinsìnyí tí òtútù ò tíì wọlé lẹ bèèrè. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló jẹ́ pé ìgbà tí páìpù bá ti bẹ́ ni wọ́n tó máa ń pè mí.

Ẹ jẹ́ ká mú ohun tó yà yín lẹ́nu yẹn ṣáájú. Gáàsì ló ń jó nínú ẹ̀rọ yín lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná ẹ̀lẹ́tíríìkì ló ń pàṣẹ fún un. Iná ló ń ṣí ọ̀nà fún gáàsì, iná ló ń ṣáná sí i, iná ló ń yí fáànù tó ń ti afẹ́fẹ́ gbígbóná lọ sí yàrá kọ̀ọ̀kan. Kódà, nǹkan kékeré tó wà lára ògiri, tí ẹ fi ń yan bí ilé á ṣe gbóná tó, iná ló ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ. Bí iná bá lọ, gbogbo wọn dákẹ́, gáàsì á kàn wà nínú páìpù ni. Àmọ́ ohun kan wà tó dára níbẹ̀: iná tí ẹ̀rọ yẹn ń jẹ kò pọ̀. Fáànù rẹ̀ sábà máa ń gba nǹkan bíi 400 sí 800 wáàtì nígbà tó bá ń yí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ṣì máa padà síbẹ̀.

Ọkọ yín ò jẹ̀bi bó ṣe ń ronú jẹnẹrétọ̀. Ipò tó fi sí ni mi ò fara mọ́. Nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ní nílé, òun ni mo máa fi kẹ́yìn. Nígbà tí iná bá lọ nínú òtútù, ohun méjì ló ń pa èèyàn: òtútù fúnra rẹ̀, àti ohun tí àwọn èèyàn sun láti fi lé òtútù. Ní oṣù kejì ọdún 2021, òtútù líle bo ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, iná sì lọ nínú ilé tó lé ní mílíọ̀nù 4. Òkú 246 ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà kà. Òtútù tó wọ èèyàn lára ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ olóró ló pa wọ́n, láti ara jẹnẹrétọ̀, èédú tàbí mọ́tò tí wọ́n ń wá ooru lọ sídìí rẹ̀. Ní Quebec, lórílẹ̀-èdè Kánádà, ní oṣù kìíní ọdún 1998, òjò tó ń di yìnyín bó ṣe ń kanlẹ̀ rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ó wó àwọn òpó onírin gìrìwò tó gbé wáyà iná, àwọn ibì kan ò sì rí iná fún ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nítorí náà, ẹ má fi wákàtí 19 ṣe òdiwọ̀n. Ọjọ́ mẹ́ta ni kẹ́ ẹ múra dè, ó kéré tán.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà, kẹ́ ẹ sì rà á lọ́sẹ̀ yìí, ni aago tó ń kìlọ̀ bí carbon monoxide bá wà nínú ilé. Kí ó jẹ́ oníbátìrì, tàbí èyí tó ní bátìrì tó máa gbé e bí iná bá lọ. Ẹ fi ọ̀kan sí àjà kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan sì súnmọ́ ibi tí ẹ ń sùn. Carbon monoxide ni afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára bẹntiróòlù, gáàsì, igi tàbí èédú tó bá ń jó. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, kì í ta èèyàn lójú bíi ti èéfín. Bí èèyàn bá fà á símú, ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ìlọ́po tó ju 200 lọ ju bí ọ́síjìn ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn, ọ́síjìn ò sì ní ráyè mọ́. Ẹ̀fọ́rí ló fi ń bẹ̀rẹ̀, òòyì á tẹ̀ lé e, inú á máa rú, ara á sì rẹ èèyàn gan-an. Èèyàn á rò pé àìsàn òtútù lásán ni, àfi pé ara ò ní gbóná. Ẹni tó bá ń sùn lọ́wọ́ lè má jí mọ́.

Wọ́n pè mí sílé kan lọ́dún kan pé kí n wá wo ẹ̀rọ amúlémóoru tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí iná ti lọ láti òru. Baálé ilé náà ti gbé jẹnẹrétọ̀ sínú gáréèjì, ó sì ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì náà sílẹ̀ gbayawu. Ó fọkàn balẹ̀, torí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wọlé. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú, ó ní àìsùn ló fà á. Ọmọ wọn obìnrin ti bì lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ náà. Mo máa ń gbé ẹ̀rọ kékeré kan tí mo fi ń wọn afẹ́fẹ́ há bẹ́líìtì. Bí mo ṣe gba pálọ̀ kọjá lọ síbi ilẹ̀kùn tó já sí gáréèjì, nọ́ńbà ojú rẹ̀ ń gòkè ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ariwo ta kó tó di pé ọwọ́ mi kan ilẹ̀kùn. A kó gbogbo wọn síta sínú yìnyín pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ nìkan lẹ́sẹ̀. Gbogbo wọn yè é. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé ilẹ̀kùn gáréèjì òun máa wà ní ṣíṣí, mi ò kì í jẹ́ kó sọ gbólóhùn náà parí.

Torí náà, èédú ò gbọ́dọ̀ wọlé. Sítóòfù tí wọ́n ń gbé lọ sínú igbó ò gbọ́dọ̀ wọlé. Ẹ má tan ààrò gáàsì ilé ìdáná kẹ́ ẹ wá ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ kí yàrá lè móoru. Mọ́tò ò gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ nínú gáréèjì. Bí ẹ bá fẹ́ jókòó sínú mọ́tò níta láti fi ṣaájì fóònù, ẹ kọ́kọ́ gbọ́n yìnyín kúrò nídìí èéfín rẹ̀. Bí aago bá sì dún, ẹ má dúró máa ṣí fèrèsé o. Kí gbogbo yín jáde, kẹ́ ẹ ka ara yín, kẹ́ ẹ wá pe àwọn panápaná láti ìta.

Nǹkan míì wà tí àwọn èèyàn kì í wò. Ẹ lọ sẹ́yìn ilé yín, ẹ wá ibi tí páìpù èéfín ẹ̀rọ amúlémóoru yín ti yọrí síta. Nínú ọ̀pọ̀ ilé tuntun, páìpù oníke funfun ni, ó máa ń gba ara ògiri yọ, kì í sì ga sílẹ̀ púpọ̀. Bí yìnyín bá kó jọ tó bò ó, yálà kí ẹ̀rọ náà pa ara rẹ̀, tàbí kí èéfín rẹ̀ padà wọlé. Kí ọkọ yín ri igi kan sílẹ̀ lẹ́bàá rẹ̀ kí ìgbà yìnyín tó dé, kó lè mọ ibi tó máa wà nígbà tí gbogbo ilẹ̀ bá ti funfun.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ooru. Bí iná bá lọ, ẹ ò lè mú gbogbo ilé móoru, ẹ má sì gbìyànjú rẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ yàn. Èyí tó kéré ni kẹ́ ẹ mú, tí fèrèsé rẹ̀ ò pọ̀, tí yàrá míì yí i ká. Bí oòrùn bá ń yọjú sí i lọ́sàn-án, ó dáa gan-an. Ẹ ti ilẹ̀kùn gbogbo yàrá yòókù pa. Ẹ ká tówẹ́ẹ̀lì, kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Ẹ fi búláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn bo fèrèsé ní alẹ́, kẹ́ ẹ sì ká a kúrò bí oòrùn bá yọ. Bí ilẹ̀ yàrá náà bá jẹ́ táìlì, ẹ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tàbí fóòmù sí i, torí àtẹ́lẹsẹ̀ ni òtútù ti ń fa ooru lára èèyàn. Èèyàn tó jókòó jẹ́ẹ́ ń tú ooru tó tó nǹkan bí 100 wáàtì jáde. Bí àgbàlagbà mẹ́ta bá wà nínú yàrá kan tí wọ́n sé dáadáa, ooru ara wọn nìkan ti ń ṣe iṣẹ́ hítà kékeré kan. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kí Màmá dá wà ní yàrá tiwọn lóru ọjọ́ bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí wọ́n fẹ́ràn bẹ́ẹ̀dì wọn tó.

Ẹ gbé tẹmómítà kan sínú yàrá náà. Fún àgbàlagbà àti ọmọ ọwọ́, ó wù mí kó má wálẹ̀ ju 18°C. Bó bá ti ń wálẹ̀ lọ sí 12°C, tí ẹ ò sì mọ ìgbà tí iná máa dé, èrò tèmi ni pé kẹ́ ẹ kó lọ sílé ẹni tó níná nígbà tí ọ̀nà ṣì ṣeé gbà. Kẹ́ ẹ sì ti mọ ilé náà tẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ ti bá wọn sọ ọ́.

Òtútù kì í pariwo lára àgbàlagbà. Bí ooru ara èèyàn bá ti lọ sílẹ̀ ju 35°C, ewu ti dé, ó sì lè ṣẹlẹ̀ nínú ilé láìjáde síta rárá. Màmá lè bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Bí gbígbọ̀n náà bá wá dáwọ́ dúró tí ara wọn ò tíì móoru, ẹ má rò pé ó ti san. Ẹ wò ó bóyá ọ̀rọ̀ ń wọ́ lẹ́nu wọn, bóyá ọwọ́ wọn ò lè de bọ́tìnì mọ́, bóyá oorun àìmọ̀dí ń gbé wọn lọ. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn, ẹ pe dókítà tàbí ọkọ̀ pàjáwìrì lójú ẹsẹ̀. Ẹ wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ léra wọn fún wọn, kẹ́ ẹ fi fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ sí i. Ọtí kì í lé òtútù o. Ńṣe ló ń jẹ́ kí ooru ara tètè jáde.

Ti ọmọ yín yàtọ̀. Ẹ má torí òtútù kó búláńkẹ́ẹ̀tì àti ìrọ̀rí lé ọmọ oṣù 8 lórí níbi tó ń sùn, nítorí ó lè bo imú rẹ̀. Aṣọ oorun tó nípọn, èyí tó dà bí àpò, tó ní ihò ọrùn àti apá, ló dáa jù. Ẹ wọ aṣọ kan tàbí méjì sí i nísàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí kò bá sùn, ẹ gbé e mọ́ àyà, kẹ́ ẹ da aṣọ bo ẹ̀yin méjèèjì. Bí awọ ara rẹ̀ bá tutù tó sì pọ́n, tí kò lágbára láti sunkún tàbí láti mu, ilé ìwòsàn ni o.

Omi ni ọ̀rọ̀ tó kàn, ọ̀nà méjì ló sì pín sí. Omi tí ẹ máa mu: lítà 4 fún ẹnì kan lóòjọ́ ni kẹ́ ẹ kó pamọ́, fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀yin mẹ́rin, lítà 48 nìyẹn. Bí ìkìlọ̀ ìjì bá ti jáde, ẹ se omi, kẹ́ ẹ rọ ọ́ sínú fúláásìkì ńlá méjì, ó máa wúlò fún oúnjẹ ọmọ lóru.

Omi inú páìpù ló ń ba ilé jẹ́. Bí omi bá di yìnyín, ó máa ń fi nǹkan bíi ìpín 9 nínú 100 tóbi sí i, agbára yẹn sì ń ya irin. Ohun tó ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà ni pé páìpù kì í jò nígbà tó bá dì. Ìgbà tí iná bá dé, tí ilé bá móoru, tí yìnyín inú rẹ̀ bá yọ́, ìgbà yẹn ni omi máa ń tú jáde. Mo ti di páìpù irú ẹ̀ mú rí lábẹ́ àwo ìfọwọ́ ilé ìdáná: páìpù bàbà ni, ó wú ní ibì kan bí ejò tó gbé eku mì, ó sì la tẹ́ẹ́rẹ́ lójú ibi tó wú náà, ihò tó kéré ju èékánná lọ. Ihò yẹn ti da omi sórí ilẹ̀ onípákó fún ọ̀sán gbáko kí àwọn tó ni ilé tó ti ibi iṣẹ́ dé. Gbogbo pákó náà ló wọ́.

Kí òtútù tó dé, ẹ fi fóòmù páìpù bo gbogbo èyí tó bá gba abẹ́ ilé, gáréèjì tàbí ara ògiri ìta. Ẹ tú rọ́bà omi kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ omi ìta. Kí gbogbo àgbàlagbà inú ilé mọ ibi tí wọ́n ti ń ti omi ilé pa pátápátá; ẹ mú Màmá náà débẹ̀. Bí iná bá lọ, tí òtútù ìta sì ti tó -7°C tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ àwo ìfọwọ́, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀rọ omi inú ilé tí páìpù rẹ̀ gba ara ògiri ìta máa kán tó-tó-tó. Bí ẹ bá máa kúrò nílé, ẹ ti omi pa, kẹ́ ẹ ṣí gbogbo ẹnu ẹ̀rọ títí omi inú rẹ̀ á fi tán.

Ó kan insulin Màmá. Èyí tí wọn ò tíì ṣí, 2°C sí 8°C ló ń gbé. Firíìjì tí ẹ ò bá ṣí máa tutù fún wákàtí 4. Fìrísà tó kún máa di wákàtí 48, èyí tó kún dé àárín máa di wákàtí 24. Ṣùgbọ́n nígbà òtútù, kì í ṣe pé kó gbóná ni mò ń bẹ̀rù. Dídì ló ń ba á jẹ́. Insulin tó bá ti dì, kódà kó ti yọ́ padà, ẹ dà á nù. Ẹ má gbé e sẹ́nu fèrèsé, ẹ má gbé e síta, ẹ má sì gbé e ti yìnyín. Ẹ fi aṣọ wé e, kẹ́ ẹ gbé e sínú kúlà lásán tí kò ní yìnyín, nínú yàrá tí ẹ wà. Èyí tí wọ́n ń lò lọ́wọ́ lè wà níta firíìjì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, iye ọjọ́ rẹ̀ sì wà lára páálí. Ẹ kà á pẹ̀lú oníṣègùn òyìnbó tó ń ta oògùn fún wọn. Ẹ tún pe iléeṣẹ́ tó ń fún yín níná, kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn aláìsàn sí. Ọ̀pọ̀ wọn ló ní in.

Tọ́ọ̀ṣì LED ni kẹ́ ẹ fi ríran, kì í ṣe àbẹ́là. Ilé tó ní ọmọ ọwọ́ àti aṣọ tí wọ́n gbé kọ́ sójú fèrèsé kì í ṣe ibi tó yẹ kí àbẹ́là máa jó. Rédíò oníbátìrì kan pẹ̀lú, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù náà lè lọ.

Ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ ti wá dé báyìí. Kẹ́ ẹ tó rà á, ẹ kọ́kọ́ wo bátìrì ńlá tó ṣeé gbé kiri, èyí tó ní sọ́kẹ́ẹ̀tì lára. Kò ní èéfín, a lè lò ó nínú yàrá. Ẹ bá mi ṣírò. Èyí tó lè pèsè 1,000 wáàtì fún wákàtí kan, bí ẹ bá ki hítà oníná tó jẹ́ 1,500 wáàtì bọ̀ ọ́, kò ní tó ìṣẹ́jú 40 tó fi máa tán. Owó ti wọgbó nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi gbé fáànù ẹ̀rọ amúlémóoru yín, ká ní 500 wáàtì ló ń gbà tó sì ń yí fún ìṣẹ́jú 20 nínú wákàtí kan, ó lè gbé e fún nǹkan bíi wákàtí 5, torí díẹ̀ nínú iná bátìrì máa ń ṣòfò. Gáàsì á máa ṣe iṣẹ́ ńlá, bátìrì á kàn máa pàṣẹ. Bátìrì méjì bẹ́ẹ̀ lè gbé yín la òru já. Ẹ má ṣaájì bátìrì lithium níbi tó tutù ju 0°C, ó ń bà á jẹ́.

Bí ọjọ́ bá wá pọ̀, ìgbà yẹn ni jẹnẹrétọ̀ ní iṣẹ́, láti fi máa ṣaájì bátìrì àti láti gbé ẹ̀rọ náà lọ́sàn-án. Kékeré tó ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́ ti tó yín. Ìta ló máa wà, mítà 6 ó kéré tán sí ilé, kí ẹnu èéfín rẹ̀ kọjú síta, jìnnà sí fèrèsé yín àti ti aládùúgbò. Ẹ jẹ́ kó tutù kẹ́ ẹ tó bu epo sí i. Ẹ máa tàn án lẹ́ẹ̀kan lóṣù, bẹntiróòlù tó ti pẹ́ nínú rẹ̀ ni kì í jẹ́ kó dáhùn lọ́jọ́ tí wọ́n nílò rẹ̀. Yálà bátìrì tàbí jẹnẹrétọ̀ lẹ fẹ́ fi gbé ẹ̀rọ amúlémóoru, ẹ pe oníṣẹ́ iná tó níwèé àṣẹ kó fi suwíìṣì tó ń yà á kúrò lára iná àdúgbò sí i. Mo bẹ ọkọ yín, kí wọ́n má ṣe wáyà olórí méjì kí wọ́n wá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri. Iná yẹn á padà jáde sórí òpó, ẹni tó gun òkè láti wá tún wáyà yín ṣe ló máa gbé.

Bí iná bá ti lọ, ẹ yọ tẹlifíṣọ̀n, kọ̀ǹpútà àti firíìjì kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ fi gílóòbù kan ṣoṣo sílẹ̀ láti fi mọ̀ pé iná ti dé. Bó bá dé, ẹ ní sùúrù díẹ̀ kẹ́ ẹ tó tan àwọn nǹkan ńlá lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èyí tó kù, iṣẹ́ ni mo fẹ́ gbé fún yín. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan tí òtútù bá ti bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ pa suwíìṣì ńlá ilé fún wákàtí mẹ́ta, kí gbogbo yín sì wọ inú yàrá tí ẹ yàn. Ẹ máa rí ohun tí ẹ gbàgbé: ibi tí tọ́ọ̀ṣì wà, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń yọ́ wọlé, bí Màmá ṣe máa dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú òkùnkùn. Ẹ kọ ìwọ̀n tẹmómítà inú yàrá sílẹ̀ nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tí ẹ parí, kẹ́ ẹ kọ ti ìta náà, kẹ́ ẹ sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú iye wáàtì tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ amúlémóoru yín. Òun la máa fi ṣírò bí bátìrì tí ẹ máa rà ṣe máa tóbi tó.